Sepsis Kì í Dúró Kí Ilẹ̀ Mọ́

Egbò àdá láti oko, ibà tí kò lọ, ẹ̀jẹ̀ ìbímọ tó ń rùn: irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni sepsis ń gbà wọlé. Ara tó ń bá kòkòrò àrùn jà á wá máa ba ara rẹ̀ jẹ́. Èémí á yára, ìtọ̀ á dínkù, aláìsàn á máa sọ ìsọkúsọ. Lọ́dún 2017, nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 ènìyàn ló bá a lọ lágbàáyé.

Tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá ti ń relẹ̀, wákàtí kan péré ni ìlànà àgbáyé fún dókítà láti fún aláìsàn ní oògùn apakòkòrò.

Ọ̀rọ̀ omi tí wọ́n ń fà sára ló gba ìṣọ́ra. Ní Lusaka, lórílẹ̀-èdè Zambia, ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017 fi èyí hàn: nínú àwọn tí wọ́n yára fa omi púpọ̀ sí lára, nǹkan bí 48 nínú 100 ló kú, nínú àwọn tí wọ́n tọ́jú bí ìṣe wọn, 33 ni. Púpọ̀ nínú wọn ló ní HIV. Omi tó bá pọ̀ jù lè mú kí èémí nira; ohun tí nọ́ọ̀sì fi ń tẹ́tí sí èémí aláìsàn léraléra nìyẹn.

Ẹ̀yin ará Ìkẹ̀rẹ́-Èkìtì, ilé ìwòsàn ìjọba wà nílé, ilé ìwòsàn ìkọ́ni wà ní Adó-Èkìtì. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ lóru, ẹ gbé e lọ lóru.