Ẹni Tí Gómìnà Bá Yàn

Bí ìdìbò bá ti ń sún mọ́lé, oorun á dá lójú àwọn atẹ̀wé Ṣómólú. Láti Fadéyí wọ inú àdúgbò lọ, ẹ̀rọ Heidelberg á máa ké tọ̀sán-tòru, òmíràn nínú wọn sì dàgbà ju ọmọkùnrin tó ń fi bébà bọ̀ ọ́ lẹ́nu lọ. Ojú olóṣèlú kan náà á máa jáde, fìlà kan náà, ẹ̀rín kan náà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún lé ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ọmọ iṣẹ́ á tẹ́ wọn sílẹ̀ kí yíǹkì gbẹ, ẹni tó ń gé bébà á gé etí wọn dọ́gba. Ọ̀gá tó gbọ́n á ti gba owó rẹ̀ pé kó tó tan ẹ̀rọ, torí ẹni tó bá tẹ pósítà àwìn fún olóṣèlú, tí olóṣèlú náà wá fìdí rẹmi, kó lọ fi ìyókù pósítà wé ẹ̀pà.

Àga tí gbogbo aápọn yìí dá lé lórí kò pọ̀. Ṣómólú, tí Bàrígà wà nínú rẹ̀, ní àga kan ṣoṣo nínú 360 tó wà ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá. Ó ní méjì nínú 40 tó wà ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó. Ti sẹ́nétọ̀, ṣe ni wọ́n jọ ń pín in pẹ̀lú Kòsọ̀fẹ́, Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí.

Nígbà tí ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ wọ ìgbìmọ̀ tó ń ṣòfin fún Èkó, ní ọdún 1872, kò sí pósítà, kò sí ìbò, kò sí ẹni tó bẹ ẹnikẹ́ni lójú pópó. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló yàn án. James Pinson Labulo Davies lorúkọ rẹ̀, Kápútẹ́nì Davies lẹ́nu ará Èkó, owó rẹ̀ sì wà lára owó tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé kan tó wà ní Bàrígà lónìí.

Ìgbìmọ̀ yẹn fúnra rẹ̀ ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ nígbà náà. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1861 ni Ọba Dòsùnmú tọwọ́ bọ̀wé pé òun fi Èkó sílẹ̀ fún Ọbabìnrin Victoria, ọkọ̀ ogun tó ń jẹ́ Prometheus sì wà lójú omi tó ń wo bí nǹkan ṣe ń lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n dá Ìgbìmọ̀ Aṣòfin sílẹ̀. Gómìnà ni alága. Àwọn tó jókòó tì í ni adájọ́ àgbà, akọ̀wé ìjọba, agbẹjọ́rò ìjọba àti irú wọn, gbogbo wọn òṣìṣẹ́ tó ń gbowó oṣù lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n mú ènìyàn díẹ̀ tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba kún wọn, oníṣòwò lọ́pọ̀ ìgbà.

Dòsùnmú kò sí níbẹ̀. Kò sí ìjòyè onífìlà funfun kankan níbẹ̀, àwọn tí ilẹ̀ Èkó jẹ́ tiwọn kí òyìnbó tó dé. Wọ́n ṣèlérí owó ìtọ́jú fún ọba, tó jẹ́ àpò owó ẹyọ 1,200 lọ́dún, wọ́n sì gba ọ̀rọ̀ òfin kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ní 1866, nígbà tí wọ́n ka orí ènìyàn, bí ẹgbẹ̀rún 25 ló wà ní Èkó. Ìwọ̀nba ọkùnrin tí pálọ̀ kan lè gbà ló sì ń ṣòfin fún wọn, lédè tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kò gbọ́.

Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ níbẹ̀ kò ṣòro láti yé ni. Gómìnà á gbé àbá òfin wá. Wọn á sọ̀rọ̀ lé e lórí. Tó bá di ìbò, òṣìṣẹ́ ìjọba á dìbò bí ọ̀gá wọn ṣe fẹ́, wọ́n sì pọ̀ ju àwọn yòókù lọ. Kódà tí gbogbo wọn bá fohùn ṣọ̀kan, London lè fagi lé òfin náà. Kí wá ni iṣẹ́ ẹni tí wọ́n yàn láti ìgboro? Kó sọ̀rọ̀. Kó béèrè bí owó ìlú ṣe ń lọ, kó sì jẹ́ kí wọ́n kọ àtakò òun sílẹ̀. Tìyẹn nìkan ni, àmọ́ kò kéré tó bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ nínú ìwé ìgbìmọ̀ á dé London, gómìnà á sì ní láti ṣàlàyé ara rẹ̀.

Sàró ni Davies. Abúlé Bathurst ní Sierra Leone ni wọ́n ti bí i ní 1828, ọ̀dọ̀ òbí Yorùbá tí orírun wọn jẹ́ Abẹ́òkúta àti Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ẹrú. Ó kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi lábẹ́ ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n yìnbọn lu Èkó ní 1851 láti lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí ìtẹ́, Davies wà nínú ọkọ̀ Bloodhound, ní ìhà ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yìnbọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ìjọba fi fọkàn tán an ní ogún ọdún lẹ́yìn náà, kó ronú sí ìyẹn.

Ó fi iṣẹ́ ogun sílẹ̀, ó di oníṣòwò, ó lówó lọ́wọ́ gan-an. Ní 1859, T. B. Macaulay, àlùfáà ìjọ CMS àti àna Ajàyí Crowther, fẹ́ dá ilé-ìwé girama sílẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin. Davies fi £50 sílẹ̀ kí wọ́n fi ra ìwé àti ohun èlò. Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn ni CMS Grammar School ṣí ní Broad Street pẹ̀lú ọmọ mẹ́fà péré. Ọgọ́rùn-ún ọdún gééré lẹ́yìn náà, ní 1959, ilé-ìwé náà kó wá sí Bàrígà, ibẹ̀ ló sì wà títí di òní.

Ìgbéyàwó rẹ̀ tún ni gbogbo ayé mọ̀. Oṣù Kẹjọ 1862 ló fi Sarah Forbes Bonetta ṣaya ní ìlú Brighton. Àìná ni wọ́n ń pè é nílé. Àwọn ọmọ ogun Dahomey ló kó o lẹ́rú ní Òkè-Ọ̀dàn nígbà tó wà lọ́mọdé, Ọba Gẹ́zò wá fi ta ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan, Forbes, lọ́rẹ, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà ṣe di ẹni tí Ọbabìnrin Victoria ń tọ́jú. Nígbà tí tọkọtaya náà bí obìnrin, Ọbabìnrin fi orúkọ ara rẹ̀ sọ ọmọ náà. Nínú gbogbo Èkó ayé ìgbà yẹn, ta ló tún ní irú àna bẹ́ẹ̀?

Síbẹ̀, owó àti àna ọba nìkan kọ́ ló gbé e wọ ìgbìmọ̀. Ọdún 1872 kan náà ni John Pope-Hennessy wá ṣàkóso gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, láti Freetown, torí abẹ́ ibẹ̀ ni Èkó wà láti 1866. Òun ló yọ John Glover, alákòóso Èkó, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà, kúrò nípò. Pope-Hennessy gbà pé ọmọ Áfíríkà tó kàwé lè ṣe iṣẹ́ tí òyìnbó ń ṣe, ó sì sọ ọ́ síta. Èrò tèmi ni pé ká ní ọ̀gá mìíràn ló dé lọ́dún yẹn, Davies ì bá tún dúró pẹ́ sí i lẹ́nu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni ipò tí ènìyàn gbà lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo ṣe máa ń rí: yíyí tí afẹ́fẹ́ bá yí lọ́fíìsì kan ló ń pinnu rẹ̀.

Nǹkan kò sì pẹ́ yí padà. Ní 1874 wọ́n so Èkó pọ̀ mọ́ Gold Coast, Accra wá di ibi tí wọ́n ti ń ṣòfin fún wa. Ẹni tó bá ní ẹ̀sùn á wọkọ̀ ojú omi kó tó dé ọ̀dọ̀ gómìnà. Davies fúnra rẹ̀ jẹ gbèsè débi pé ilé ẹjọ́ kéde ní 1876 pé kò lè san án mọ́. Ó kó lọ sí oko rẹ̀ ní Ìjọn, ibẹ̀ ló ti gbin kòkó ní nǹkan bí 1880, láti ibẹ̀ ni kòkó sì ti gba Àgége tàn dé ilẹ̀ Yorùbá yòókù. Tí wọ́n bá ní kí n fi ọwọ́ kan ohun tí ọkùnrin yìí ṣe tó pẹ́ jù, kòkó yẹn ni máa kọ́kọ́ mú, ilé-ìwé Bàrígà á tẹ̀ lé e, àga ìgbìmọ̀ á wà lẹ́yìn.

Ẹ má rò pé gbogbo ibi ló rí báyìí ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún. Ní Senegal, lábẹ́ Faransé, àwọn ará Saint-Louis àti Gorée dìbò ní 1848, wọ́n sì rán Barthélémy Durand Valantin, oníṣòwò ọmọ Saint-Louis tí ẹ̀jẹ̀ funfun àti dúdú pàdé lára rẹ̀, lọ sí ilé aṣòfin ní Paris. Ọdún yẹn kan náà ni Faransé fòpin sí níní ẹrú ní ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n gba àga yẹn padà ní 1852, kí wọ́n tó tún fún wọn lẹ́yìn ìgbà tí olú-ọba Faransé ṣubú. Ní Freetown, ní 1863, gómìnà ní kí àwọn oníṣòwò fúnra wọn yan ẹnì kan sí ìgbìmọ̀. John Ezzidio ni wọ́n yàn, ọmọ Núpé tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí, ó sì na òyìnbó tó bá a du ipò. Inú London kò dùn sí i rárá. Wọ́n kìlọ̀ kí irú rẹ̀ má wáyé mọ́. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù kò ṣòro mọ̀: ẹni tí ìlú bá yàn, ìlú ni yóò máa gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Èkó bọ́ lọ́wọ́ Accra ní oṣù Kíní 1886, ó sì tún ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Gómìnà Alfred Moloney mú ọmọ Sàró méjì síbẹ̀. Charles Joseph George jẹ́ oníṣòwò àti abẹnugan nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì; ogún ọdún ló lò nínú ìgbìmọ̀, ikú ló sì mú un kúrò níbẹ̀ ní 1906. Ẹnì kejì ni Àlùfáà James Johnson ti ìjọ St. Paul's, Breadfruit, tí wọ́n ń pè ní Holy Johnson nítorí bí kò ṣe gba gbẹ̀rẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ìwà mímọ́. Ní Abẹ́òkúta, kó tó di pé wọ́n gbé e padà sí Èkó ní 1880, ó ti bá àwọn ọmọ ìjọ tirẹ̀ jà nítorí ẹrú tí wọ́n ní nílé.

Lásìkò yìí, ìwé ìròyìn ti dé. Richard Beale Blaize, tó kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé kó tó di olówó, dá Lagos Times sílẹ̀ ní 1880. Lagos Observer tẹ̀ lé e ní 1882. John Payne Jackson sì bẹ̀rẹ̀ Lagos Weekly Record ní 1891. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣa lẹ́tà òjé níkọ̀ọ̀kan, wọn á tò ó sẹ́yìn-sẹ́yìn kó lè jáde bó ṣe yẹ lórí bébà. Àwọn ìwé yìí ló wá dà bí ìdìbò fún ìlú tí kò ní ìbò. Ẹni tí gómìnà yàn mọ̀ pé ohun tí òun bá sọ nílé ìjọba, ìgboro á gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú ló fi hàn bí ẹnu àwọn tí wọ́n yàn ṣe lè gùn tó. Gilbert Carter, tó di gómìnà ní 1891, fẹ́ kí ọ̀nà òwò tó gba Ìjẹ̀bú kọjá ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àdéhùn wáyé ní ìbẹ̀rẹ̀ 1892, pé ìjọba á máa san £500 lọ́dún dípò owó ibodè. Kò pẹ́ tí Carter fi ní Ìjẹ̀bú ti rú u. Ní oṣù Karùn-ún, àwọn ọmọ ogun tó gbé ìbọn Maxim dání pàdé àwọn Ìjẹ̀bú ní Ìmágbọ̀n. Kíá ni wọ́n ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò Èkó yọ̀, nítorí ọjà wọn á rí ọ̀nà gbà. Johnson kò yọ̀. Ó ta ko ogun náà, bẹ́ẹ̀ òun ni ìjọ ń wò pé inú rẹ̀ á dùn jù, níwọ̀n ìgbà tí Ìjẹ̀bú kì í fẹ́ gba oníwàásù láyè.

Ní 1894, àkókò rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ parí. Carter kò tún un yàn. George, tó mọ bí a ti ń bá ìjọba sọ̀rọ̀ láìfọ́ àwo, ṣì wà lórí àga tirẹ̀.

Bí sẹ́ńtúrì náà ṣe parí nìyẹn. Ní 1901 ni Christopher Sapara Williams, lọ́yà wa àkọ́kọ́, wọlé, pẹ̀lú Dókítà Ọbadáyà Johnson, ẹni tó tún ìwé ìtàn Yorùbá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ ṣe títí ó fi jáde. Àwọn náà, yíyàn ni wọ́n yàn wọ́n. Ọdún 1923 ni ará Èkó tó kọ́kọ́ dìbò yan ẹni tó máa wọ ìgbìmọ̀ aṣòfin: àga mẹ́ta péré, ọkùnrin tó bá ń rí £100 lọ́dún nìkan ló sì lè tẹ̀ka. Ẹgbẹ́ tí Herbert Macaulay dá sílẹ̀ gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọmọ T. B. Macaulay ni, CMS Grammar School ló lọ. Àmọ́ òfin kò jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ díje, torí ilé ẹjọ́ ti dá a lẹ́bi rí, àwọn tó ti ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé ló sì lọ jókòó síbẹ̀.