Jẹ̀díjẹ̀dí, Egbò Inú, àti Àgbo Tí A Ń Mu Sí Wọn

Àìsàn inú tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ kì í sábà pani lójijì, nítorí náà ni a ṣe máa ń fojú kéré rẹ̀. Àgbẹ̀ tí inú ń run láti ìgbà iṣu títun títí di ìgbà tí a ó tún kọ ebè mìíràn yóò máa lọ sí oko rẹ̀ bákan náà; ìyá tí kò lè yàgbẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin yóò máa gbé igbá rẹ̀ lọ sí ọjà Èjìgbò bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣe é. Kí wọn tó ronú kan dókítà, wọn yóò ti mu àgbo oríṣi mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Kì í ṣe ète wa láti fi àgbo ṣẹ̀sín. Àwọn ewé kan ń bẹ ní àyíká wa tí agbára wọn dájú. Ohun tí ó ń ṣi wá lọ́nà ju ewé lọ ni orúkọ tí a fi ń pe àrùn.

Jẹ̀díjẹ̀dí ni orúkọ náà. Ẹnì kan ń fi í pe ẹ̀jẹ̀ àti ikun tí ó ń bá ìgbẹ́ jáde pẹ̀lú inú lílọ́. Ìgbẹ́ ọ̀rìn ni èyí, kòkòrò àìfojúrí tí ó ti inú omi àìmọ́ àti ọwọ́ àìmọ́ wọlé ni ó sì ń fà á. Ẹlòmíràn ń fi í pe iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó wú ní ojú ihò ìdí, tí ó ń ro ni, tí ẹ̀jẹ̀ pupa sì ń kán láti ara rẹ̀. Ìgbẹ́ líle àti títiraka pẹ́ nídìí ìgbẹ́ ni ó máa ń mú èyí wá, a sì máa ṣe àwọn aboyún. Ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀ ń fi í pe ẹ̀yìn dídùn, èyí tí kò sí nínú ìfun rárá. Ọkọ́ àti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó fà á. Àrùn mẹ́ta nìyí, tí orúkọ wọn jẹ́ ọ̀kan, tí a sì ń bu àgbo kan náà fún.

Ẹ jẹ́ kí a wo ewu tí ó wà níbẹ̀. Ewé tí a sábà máa ń fi sínú irú àgbo bẹ́ẹ̀ ni asúnwọ̀n òyìnbó, èyí tí òdòdó rẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè ń nà sókè bí àbẹ́là. Irú ohun tí ó wà nínú rẹ̀ náà ni ó wà nínú oògùn ìyàgbẹ́ tí àwọn apoògùn ń tà ní orúkọ senna. Fún ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ le, ife kan ní alẹ́ ọjọ́ kan tàbí méjì yóò ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fún ọmọ tí ó ń ya ìgbẹ́ ọ̀rìn ní ife kan náà, a ti fi ìgbẹ́ gbuuru kún ìgbẹ́ gbuuru, omi ara rẹ̀ yóò sì tán. Ẹni tí ó sì ń mu ún ní ojoojúmọ́ fún oṣù mélòó kan, àwọn iyọ̀ tí iṣan àti ọkàn fi ń ṣiṣẹ́ ni yóò máa bá ìgbẹ́ lọ, títí àárẹ̀ yóò fi dé bá a.

Ní ti ṣúgà, a ti gbà láti ìgbà èwe pé ohun adùn ni í dá jẹ̀díjẹ̀dí sílẹ̀. Àpọ̀jù ṣúgà ń ba eyín jẹ́, ó sì lè ṣí ọ̀nà fún àtọ̀gbẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó ń bí ìgbẹ́ ọ̀rìn, kì í sì í ṣe òun ni ó ń mú iṣan ìdí wú.

Egbò inú tún yàtọ̀ sí gbogbo ìwọ̀nyí. Ó máa ń ta ni lókè ìdodo, nígbà mìíràn bí ebi bá ń pa ni tàbí ní òru. Ó pẹ́ tí àwọn dókítà pàápàá fi rò pé ìrònú àti ata ni ó ń fà á. Ní 1982 ni àwọn dókítà méjì ní Australia, Barry Marshall àti Robin Warren, rí kòkòrò kan gbà láti inú ikùn àwọn aláìsàn, tí a ń pè ní Helicobacter pylori. Nígbà tí àwọn ènìyàn kò gbà wọ́n gbọ́, Marshall gbé kòkòrò náà mu ní 1984, inú sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ ọ́ lẹ́nu. Ní 2005 a fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn Nobel. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé kòkòrò yìí, àti oògùn ara-ríro bí aspirin àti ibuprofen, ni ó ń fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú egbò inú. Kí àgbẹ̀ tí ó ń gbé oògùn ẹ̀yìn-ríro mì ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo kíyè sí èyí. A lè ṣe àyẹ̀wò kòkòrò náà, oògùn tí a ń lò fún nǹkan bí ọjọ́ 14 sì máa ń pa á. Àgbo lè mú inú rọ̀, ṣùgbọ́n a kò tíì rí ewé kan tí ó dájú pé ó ń lé kòkòrò náà jáde.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tútù, tí àwọn ìyá wa ń sá, tí wọ́n ń lọ̀ fún elégbò inú, kì í ṣe àlá lásán. Ní 1984, àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ pé ìyẹ̀fun rẹ̀ gba ikùn eku lọ́wọ́ egbò tí aspirin ń dá sílẹ̀. Eku ni o, kì í ṣe ènìyàn. Ní Bangladesh ní 2001, a rí i pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù tí a sè ran àwọn ọmọdé tí ìgbẹ́ gbuuru wọn kò tètè dá lọ́wọ́. Nítorí pé oúnjẹ ni, kò sí ìpalára púpọ̀ nínú dídán an wò.

Nítòsí wa, ní 2007, àwọn oníṣègùn ọmọdé ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ tẹ àbájáde kan jáde nípa ọmọ 60 tí a rí kòkòrò ìfun nínú ìgbẹ́ wọn. 30 lá kóró ìbẹ́pẹ gbígbẹ tí a pò mọ́ oyin. 30 lá oyin nìkan. Lẹ́yìn ọjọ́ 7, ìgbẹ́ ọmọ 23 ti mọ́ nínú àwọn ti ìṣáájú, ṣùgbọ́n 5 péré nínú àwọn ti ẹ̀yìn. Ọmọ 60 kò pọ̀, aboyún kò sì gbọdọ̀ dán kóró yìí wò. Ṣùgbọ́n báyìí ni ó yẹ kí a máa yẹ gbogbo ewé wa wò.

Àtalẹ̀ ní ẹ̀rí tí ó dára fún ìrìndọ̀ àti èébì. Òróró inú efinrin ń pa kòkòrò nínú ilé àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n inú ìgò kì í ṣe inú ìfun. Ewúro jẹ́ ẹ̀fọ́ kí ó tó jẹ́ oògùn, ẹ máa jẹ ẹ́. Kìkì pé kí ẹni tí ó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ ṣọ́ra fún omi rẹ̀ tí a fún, nítorí ó lè fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ jù.

Ẹni tí yóò bá dán ewé wò, kí ó lo ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe ewé méje nínú ìkòkò kan, kí ó bàa lè mọ èyí tí ó ṣiṣẹ́ àti èyí tí ó pa á lára. Kí ó fi ife kan náà wọ̀n ọ́n, kí ó fi omi tí ó hó sè é, kí ó sì kọ ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí ara kàlẹ́ńdà. Bí kò bá sí ìyípadà ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó dáwọ́ dúró, kí ó lọ fún àyẹ̀wò. Kí ó má ṣe fi ògógóró rẹ ẹ́, nítorí ọtí líle ń bu egbò inú jẹ. Kán-ún máa ń tu inú lójú ẹsẹ̀, nítorí ó ń pa omi kíkan inú ikùn. Ìtura yẹn ni ó ń tan ni, iyọ̀ inú rẹ̀ kò sì dára fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Bí ó bá jẹ́ àgbo inú ìgò ni, kí ó má ṣe wo nọ́ńbà NAFDAC nìkan. Lára ọ̀pọ̀ ìgò bẹ́ẹ̀ ni a kọ ọ́ sí pé NAFDAC kò tíì yẹ ìwòsàn tí a kéde wò.

Èjìgbò jẹ́ ìlú Ògìyán, a kò sì lè sọ fún ọmọ Ògìyán pé kí ó má jẹ iyán. Ṣùgbọ́n ẹni tí àyà ń ta lẹ́yìn oúnjẹ lè jẹ ẹ́ ní ọ̀sán, kí ó má sì dùbúlẹ̀ títí wákàtí mẹ́ta yóò fi kọjá. Ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ le, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ìbẹ́pẹ pípọ́n àti omi púpọ̀ nínú oko ni àgbo rẹ̀ àkọ́kọ́.

Àwọn àmì kan kò gba ìdánwò kankan: ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, ẹ̀jẹ̀ nínú èébì tàbí nínú ìgbẹ́, oúnjẹ tí kò gba ọ̀nà ọ̀fun, ojú tí ó pọ́n bí ìyeyè, ara tí ó ń rù láìnídìí, àti ìyípadà ìgbẹ́ tí ó dé bá ẹni tí ó ti lé ní 40 ọdún. Fún ọmọdé tí ó ń ṣu gbuuru, ẹ po ṣíbí tíì 6 ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀, tí a gé ojú wọn, mọ́ lítà 1 omi tí ó ti hó tí ó sì ti tutù. Ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn Onítẹ̀bọmi tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1907, tí ó di ti Yunifásítì Bowen ní 2009, kò jìnnà sí wa, ilé ìwòsàn ìjọba sì wà. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú ìgò àgbo náà dání, àti èyí tí ẹnìkan mú ti Abidjan bọ̀ tí a kò lè ka ara rẹ̀, kí dókítà lè mọ ohun tí ó ti wà nínú ikùn kí ó tó fi tirẹ̀ kún un.