Iṣẹ́ Ẹni tí ń Kọ́ Ọwọ́ Aláìsàn ní Iṣẹ́ Padà

Àwọn àgbà a máa wí pé ọwọ́ ẹni ni a fi í tún ìwà ẹni ṣe. Bí ọwọ́ náà bá wá kọ iṣẹ́ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn wo alábàárù kan ní ọjà Máìlì 12, ẹni tí ó ti fi orí ru àpò àlùbọ́sà àti agbọ̀n tòmátì fún ọdún púpọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún rọ. Àwọn dókítà gba ẹ̀mí rẹ̀ là, ṣùgbọ́n kò lè de bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè bu oúnjẹ sẹ́nu. Ta ni yóò kọ́ ọ padà?

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe iṣẹ́ yìí ní occupational therapy, èyíinì ni ìwòsàn tí a ń fi iṣẹ́ ojoojúmọ́ ṣe. Oníṣègùn rẹ̀ ni yóò yẹ aláìsàn wò, tí yóò sì pinnu ohun tí a ó kọ́ ọ. Olùrànlọ́wọ́ oníṣègùn náà ni yóò jókòó ti aláìsàn láti mú ìpinnu náà ṣẹ, tí yóò sì ròyìn ohun tí ó rí. Fún àpẹẹrẹ, bí a bá ń wọ ẹ̀wù, apá tí ó rọ ni a kọ́kọ́ ń kì bọ ọwọ́ ẹ̀wù. Bí a bá ń bọ́ ọ, apá tí ó dá ṣáṣá ni yóò kọ́kọ́ jáde. A sì lè wé aṣọ mọ́ ọrùn ṣíbí kí ó nípọn, kí ọwọ́ tí kò lè pa dé lè dì í mú.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Máìlì 12, tí ó gba ọ̀nà Ìkòròdú kọjá Kétu àti Maryland lọ sí ìhà Yábàá, yóò dé Igbóbì, níbi tí a ti tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì, kí ó tó di ilé ìwòsàn egungun ní ọdún 1945. Ní Aro, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, láti ọdún 1954, Dókítà Adéoyè Lambo fi àwọn alárùn ọpọlọ wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé, kí wọ́n lè máa gba ìtọ́jú láìjáwọ́ nínú ìgbé ayé ojoojúmọ́.

Báwo ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe múra sílẹ̀? Kí ó fi ọkàn sí ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí, físíìsì, kẹ́místìrì àti èdè Gẹ̀ẹ́sì. A ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí ní Oṣòdì, ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀, àti ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Kí ó mọ aṣọ rán, kí ó mọ ọbẹ̀ sè, kí ó sì gbọ́ èdè àwọn aládùúgbò rẹ̀, nítorí pé kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó ń nájà ní Kòsọ́fẹ́.

Ṣùgbọ́n sùúrù ni olórí ìmúrasílẹ̀. Nígbà tí alábàárù wa bá ń bá bọ́tìnì kan jà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àánú rẹ̀ yóò ṣe olùrànlọ́wọ́, ọwọ́ yóò sì máa yún un láti bá a dè é. Bí ó bá dè é fún un, ó ti gba ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé: bí àbúrò yín bá ń kọ́ bí a ti ń so okùn bàtà, ẹ ká ọwọ́ yín sẹ́yìn, kí ẹ sì dúró. Ẹni tí ó bá lè dúró bẹ́ẹ̀ láìbínú ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà.