Jíjó différentiel ọkọ̀ pọ̀ nítorí ẹrẹ̀: èrè rẹ̀ àti ewu rẹ̀

Tí òjò bá ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, gbogbo ẹni tó ń gba ọ̀nà oko ló mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ bâchée tó kó ẹ̀gẹ́, ọsàn tàbí àgbàdo á rì sínú ẹrẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan á máa yí bí òòyì, á máa ta ẹrẹ̀ sára àwọn tó ń ti ọkọ̀, ẹsẹ̀ kejì á sì dúró gbagidi bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn án. Àwọn tó ń gba ilẹ̀ dúdú Lama kọjá mọ̀ ọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí tí amọ̀ ibẹ̀ bá ti mu omi, bí iyán ló ṣe ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀.

Ibẹ̀ ni awakọ̀ á ti lọ bá soudeur pé: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jó différentiel yìí pọ̀." Iṣẹ́ náà kì í pẹ́, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ọkọ̀ quatre-quatre. Ṣùgbọ́n kí iná tó kan irin, ó yẹ ká mọ iṣẹ́ tí irin náà ń ṣe.

Kí ni différentiel wà fún?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bâchée. Ẹ ó rí ohun roboto kan bí ìkòkò láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì. Òun ni àwọn mécanicien ń pè ní pont. Ọ̀pá gígùn kan ń gbé agbára láti ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnì wá síbẹ̀, ó sì ń yí irin eléyín ńlá kan tí wọ́n ń pè ní couronne. Lára couronne yìí ni àpótí kékeré kan wà tí irin eléyín kéékèèké wà nínú rẹ̀. Méjì ń jẹ́ planétaires: ọ̀kan di ọ̀pá ẹsẹ̀ ọ̀tún mú, èkejì di ti òsì mú. Àwọn tó wà láàárín wọn ń jẹ́ satellites.

Kí ló dé tí wọn kò kúkú fi ọ̀pá kan ṣoṣo so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀? Ẹ pe ọmọ méjì, kí wọ́n di igi kan mú, ọ̀kan lórí, ọ̀kan nídìí, kí wọ́n jọ rìn yí igi ọ̀pẹ kan po. Ọmọ tó wà nítòsí ọ̀pẹ á máa rìn jẹ́jẹ́, èyí tó wà lóde á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọkọ̀. Tí àyè láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì bá jẹ́ mítà 1,40, tí ọkọ̀ sì yí po lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ tó wà lóde á fi nǹkan bíi mítà 8,80 rìn ju ti inú lọ. Nínú virage kan péré tó yà gan-an sí ọ̀tún tàbí sí òsì, ìyàtọ̀ náà ti tó mítà 2,20. Différentiel ló ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ kan yára kí èkejì sì rọra, láìjẹ́ pé irin kankan ń jà. Onésiphore Pecqueur, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó jẹ́ aṣe-aago, ló gba brevet lórí rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1828, fún ọkọ̀ tó ń fi ooru omi rìn.

Ibi tí ó ti ń já wa kulẹ̀

Différentiel lásán máa ń pín agbára dọ́gba. Ìwọ̀n agbára tí ẹsẹ̀ tó wà nínú ẹrẹ̀ bá lè lò, ìwọ̀n yẹn náà ni ẹsẹ̀ tó wà lórí ilẹ̀ líle máa rí gbà. Ẹrẹ̀ ń yọ̀, díẹ̀ ni ẹsẹ̀ tibẹ̀ ń lò, torí náà díẹ̀ náà ni èkejì ń rí. Ọkọ̀ ò ní kúrò lójú kan, bí ẹ tiẹ̀ tẹ ẹ títí. Tí aago ọkọ̀ bá ń fi 30 hàn, ẹsẹ̀ tó ń yí lásán ń sáré 60. Ńṣe ló kàn ń gbẹ́ ihò sí i.

Tí wọ́n bá jó satellites mọ́ planétaires, ẹsẹ̀ méjèèjì ti di ọ̀kan nìyẹn. Èyí tó wà lórí ilẹ̀ líle á ti ọkọ̀ jáde. Èrè rẹ̀ nìyẹn, òótọ́ sì ni. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ ṣeré ìje nínú igbó tàbí nínú ẹrẹ̀ ń ṣe é.

Ewu tó tẹ̀lé e

Ọ̀nà oko kọ́ nìkan ni bâchée ń gbà. Lọ́jọ́ ọjà, ó ń gun goudron, èèyàn á jókòó lórí ẹrù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Àkọ́kọ́, mítà 2,20 yẹn ò tíì lọ síbì kankan. Ní gbogbo virage, ẹsẹ̀ kan gbọ́dọ̀ wọ́ nílẹ̀. Pneu á tètè jẹ, ọkọ̀ á sì máa fẹ́ lọ tààrà nígbà tí ẹ fẹ́ kó yà.

Èkejì, tí goudron bá tutù, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì lè yọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹ́lẹ̀, tí ọ̀kan bá yọ̀, èkejì ṣì ń di ìdí ọkọ̀ mú. Báyìí, ìdí ọkọ̀ lè gbá lọ lójijì.

Ẹ̀kẹta, ọ̀pá tó gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ á máa lọ́, á máa lọ́, títí á fi dá. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, ọ̀pá yẹn náà ló di ẹsẹ̀ mú. Tó bá dá, ẹsẹ̀ lè yọ kúrò lórí ìrìn.

Ẹ̀kẹrin, irin eléyín wọ̀nyẹn le ní awọ. Tí wọ́n bá jó o tó sì yára tutù, ó lè sán. Ẹ̀fọ́ irin kan tó bá bọ́ sí àárín couronne lè fọ́ gbogbo pont.

Fún ọkọ̀ tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ iwájú ló ń fà á, ẹ má dán an wò rárá. Ẹsẹ̀ tó ń yà náà ni ẹ fẹ́ dè yẹn.

Kí la lè ṣe dípò rẹ̀?

Tí ọkọ̀ bá rì, ẹ má tẹ ẹ kíkankíkan. Ẹ gbẹ́ ẹrẹ̀ kúrò níwájú ẹsẹ̀, ẹ ki pákó tàbí imọ̀ ọ̀pẹ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ dín atẹ́gùn pneu kù díẹ̀, kí ẹ sì fẹ́ ẹ padà kí ẹ tó gun goudron. Tí frein à main bá ń di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú, ẹ fà á díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń rọra tẹ ọkọ̀: ó ń dá ẹsẹ̀ tó ń yí lásán dúró díẹ̀, èkejì á sì rí agbára gbà. Ẹni tó lówó lè wá pont autobloquant, tó ń dín yíyí lásán kù, síbẹ̀ tó ń jẹ́ kí ọkọ̀ yà. Tracteur pàápàá ní pẹ́dálì tó ń de ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n awakọ̀ ń tú u sílẹ̀ kó tó yà. Èyí tí wọ́n fi iná jó kò ní ìtúsílẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù

Ẹ fi òkúta dí ẹsẹ̀ iwájú, ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì sókè lórí ohun tó dúró dáadáa. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ fi vitesse kan sí i, ẹ tú frein à main, kí ẹ fọwọ́ yí ẹsẹ̀ kan. Tí èkejì bá yí padà sẹ́yìn, différentiel wà bó ṣe yẹ. Tí kò bá mira rárá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti jó o. Ẹ béèrè dáadáa kí ẹ tó sanwó.

Ọkọ̀ tí kì í jáde nínú oko, tí kì í gbé èèyàn, olówó rẹ̀ lè jó tirẹ̀ tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń gbé ìyá wa àti ọmọ wa lọ sọ́jà, ẹ jẹ́ ká fi différentiel rẹ̀ sílẹ̀. Ó sàn ká pẹ́ nínú ẹrẹ̀ ju ká má dé ilé lọ.