Gìtá Béèsì Àkọ́kọ́ Ọmọ Yín: Ibi Tó Yẹ Kí Owó Kọ́kọ́ Lọ

Ọ̀rọ̀ owó orí àti owó ilé la sábà máa ń sọ ní abala yìí. Ọ̀rọ̀ owó náà ni tòní, àmọ́ ibi tí àwọn ọmọ wa ti ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì la ti fẹ́ gbé e.

Láti Hyattsville dé Lanham, títí dé Bowie àti Laurel, ọ̀pọ̀ ìdílé wa ló ní ọ̀dọ́ kan tó ń ta gìtá béèsì. Olówó pọ́ọ́kú ni àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́, bíi ti $200 sí $300. Kò ní pẹ́ tí ẹjọ́ yóò fi bẹ̀rẹ̀: “Dádì, kò dún dáadáa. Ó ń dùn mí níka. Mo fẹ́ tuntun.” Òbí kan yóò fi káàdì ra ti $900, èlé yóò sì máa gorí èlé. Òbí mìíràn yóò ní kí ọmọ máa fara dà á, ọmọ náà yóò sì ti gìtá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó parí nìyẹn. Ọ̀nà kẹta wà: ẹ tún èyí tó wà nílẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n ẹ ṣe é létòlétò.

Báwo ni gìtá béèsì ṣe ń dún?

Ẹni tó bá mọ dùndún mọ̀ pé igi nìkan kọ́ ló ń fọhùn. Awọ wà níbẹ̀, ọ̀ṣán tí a fi ń fa awọ wà níbẹ̀, ọwọ́ onílù náà wà níbẹ̀. Bí ọ̀ṣán bá dẹ̀, kò sí ọ̀ṣọ́ tí a lè so mọ́ ìlù náà tí yóò mú un sọ̀rọ̀ tó já geere.

Bẹ́ẹ̀ náà ni gìtá béèsì. Okùn irin máa ń gbọ̀n lókè pickup, ìyẹn òòfà tí a fi wáyà bàbà tín-ín-rín wé lọ́pọ̀ ìgbà. Gbígbọ̀n yẹn ló ń mú iná mànàmáná díẹ̀ jáde; iná náà yóò gba inú wáyà lọ sí amplifier, yóò sì ti ẹnu sípíkà jáde bí ohùn. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí àtúnṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí okùn, kí a tó sọ̀rọ̀ pickup.

1. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí oníṣẹ́ tò ó

Bí okùn bá ga jù lórí ọrùn gìtá, ìka ọmọ yóò máa ro ó. Bí ó bá sì lọ sílẹ̀ jù, yóò máa ha irin ọrùn, yóò máa dún jàn-ìn-jàn-ìn. Ọjọ́ orí ọmọ tàbí ọ̀lẹ kọ́ ló fà á. Igi ni ọrùn gìtá, igi sì máa ń gbọ́ ojú ọjọ́. Ní Maryland níbí, afẹ́fẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn máa ń ní ọ̀rinrin púpọ̀. Nígbà òtútù, ẹ̀rọ amúlé-móoru á sì mú gbogbo ilé gbẹ táútáú. Ọrùn gìtá yóò tẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn díẹ̀.

Irin kan wà nínú ọrùn náà tí wọ́n ń pè ní truss rod, òun ni a fi ń tọ́ ọ. Oníṣẹ́ yóò yí i díẹ̀, yóò gbé okùn sí ibi tó yẹ, yóò sì rí i pé ohùn kò yẹ̀ bí a ti ń gòkè lórí ọrùn. Ẹ fi nǹkan bí $60 sí $100 sọ́kàn. Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò fúnra yín, ẹ má yí irin náà ju ìdá mẹ́rin yíyípo kan lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì dúró wò ó kí ẹ tó tún yí i. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

2. Okùn tuntun

Okùn tó bá gìtá wá látinú páálí ti lè pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Okùn tí wọ́n wé wáyà róbótó mọ́ lára máa ń dún ketekete; nǹkan bí $20 sí $35 ni. Èyí tí wọ́n wé wáyà pẹlẹbẹ mọ́ máa ń dún rọ̀bọ̀tọ̀, ó sì rọ ìka lọ́rùn. Ó lè tó $40 sí $60. James Jamerson, tó ta béèsì sínú ọ̀pọ̀ àwo orin Motown ní Detroit láàárín ọdún 1960 sí 1970, okùn pẹlẹbẹ ló ń lò, kì í sì í sáré pààrọ̀ rẹ̀. Orin ìyìn tó ń lọ jẹ́jẹ́ yóò bá okùn yìí mu.

3. Wáyà inú rẹ̀

Bí gìtá bá ń ha kàràkàrà nígbà tí ọmọ ń yí bọ́tìnnì ohùn, tàbí tó ń dún tó ń dákẹ́ nígbà tó fọwọ́ kan wáyà, ó lè jẹ́ ìdọ̀tí ló wọnú bọ́tìnnì, tàbí kí ojú ihò tí a ń ki wáyà bọ̀ ti tú. Ohun tí wọ́n fi ń tún un ṣe kò wọ́n. Ẹ má ra pickup tuntun nítorí wáyà tó já.

4. Ẹ yẹ amplifier wò

Okùn tó nípọn jù lórí béèsì olókùn mẹ́rin máa ń gbọ̀n nǹkan bí ìgbà 41 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Sípíkà kékeré inú yàrá kò lè gbé irú ohùn bẹ́ẹ̀ jáde dáadáa. Kí ẹ tó dá gìtá lẹ́bi, ẹ so ó mọ́ amplifier ńlá ti ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ó bá dún dáadáa níbẹ̀, ẹ ti mọ ibi tí ìṣòro wà.

5. Ìgbà yìí ni kí ẹ tó dé orí pickup àti irin

Pickup tó dára lè mú ohùn yàtọ̀ gan-an, ó sì lè tó $80 sí $150. Ṣùgbọ́n ẹ wọn ihò tó wà lára gìtá ṣáájú. Oríṣi oníbejì tí Fender gbé sórí Precision Bass ní 1957 kò wọ ihò oríṣi Jazz Bass, bí kò ṣe pé ẹ gbẹ́ igi. Kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń fa okùn àti bridge tí okùn jókòó lé, ẹ pààrọ̀ wọn bí wọn kò bá di okùn mú mọ́ tàbí tí wọ́n ti dípẹtà. Bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Ìgbà wo ni kí a dáwọ́ dúró?

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Gìtá $200, títò $80, okùn $30: $310. Bí a bá fi pickup $100, bridge $70, kọ́kọ́rọ́ $80 àti owó iṣẹ́ $80 kún un, ó di $640. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tà á, orúkọ tó wà lórí rẹ̀ ni ẹni tó ń rà á yóò wò, kò ní san owó irin tuntun fún yín. Nítorí náà, $110 àkọ́kọ́ ni mo ń pè ní owó tó tọ́. Bí èyí tó kù yóò bá ju iye tí ẹ ra gìtá lọ, ẹ kúkú wá àlòkù tó dára jù ú lọ. Bí ọrùn bá sì ti lọ́, ẹ fi í sílẹ̀: kò sí bí a ṣe ṣe ebòlò tí kò ní rùn ìgbẹ́. Ẹ tọ́jú àwọn irin àtijọ́ sínú àpò, kí ẹ lè dá wọn padà sára gìtá kí ẹ tó tà á, kí ẹ sì yọ àwọn tuntun fún òmíràn.

Fún àlòkù, Atomic Music ní Beltsville ti ṣe orúkọ nínú County wa. Chuck Levin’s wà ní Wheaton, ní Montgomery County. Washington ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀ títí iná fi jó ṣọ́ọ̀bù wọn nínú rògbòdìyàn ọdún 1968. Ẹ mú ọmọ lọ, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán an wò. Ẹ sì rántí owó orí ọjà Maryland, ìdá 6 nínú 100.

Rìsíìtì o!

Bí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí olóde bá ń fún ọmọ yín lówó láti ta gìtá, owó iṣẹ́ ni, bí wọ́n tilẹ̀ pè é ní “ìfẹ́”. Bí kì í bá ṣe òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń yọ owó orí lára owó rẹ̀, tí èrè rẹ̀ sì tó $400 lọ́dún, ó gbọ́dọ̀ kọ ìwé owó orí sí IRS, ì báà jẹ́ ọmọ ilé ìwé. Àmọ́ okùn, títò àti àtúnṣe tó ṣe nítorí iṣẹ́ náà, ó lè yọ wọ́n kúrò kí ó tó ṣírò èrè. Ẹni tó bá ní rìsíìtì ló lè sọ bẹ́ẹ̀. Gìtá tí ọmọ ń gbé bọ̀ wálé lẹ́yìn ìsìn kì í sì í ṣe ọrẹ fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó na $900, ẹ na $110 ná. Ó ṣeé ṣe kí ìka ọmọ má ro ó mọ́, kí gìtá náà sì jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ire o.