Ọmọńlé ò gba físà, ó ti dé Kúbà!

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé náà ni wọ́n wò tí wọ́n fi pe ẹranko kékeré tó máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́bàá iná lálẹ́ ní ọmọńlé, ìyẹn ọmọ onílé. Àmọ́ ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá rò pé inú ilé nìkan ló mọ̀, ẹ tún un rò o! Arìnrìn-àjò paraku ni.

Ìran ọmọńlé ti pẹ́ láyé. Lọ́dún 2008, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kéde ẹsẹ̀ àti ìrù ọmọńlé kan tí oje igi bò mọ́lẹ̀ ní Myanmar, tí wọ́n ń pè ní Burma tẹ́lẹ̀. Oje náà ti di òkúta. Ó ti tó nǹkan bí 100 mílíọ̀nù ọdún! Lónìí, oríṣi wọn lé ní 2,000, kò sì sí ilẹ̀ ńlá tí wọn ò sí, àfi Antarctica tó jẹ́ kìkì yìnyín.

KÍ LÓ GBÉ E DÉBẸ̀?

Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ni àkọ́kọ́. Irun tíntìntín tí ojú lásán ò lè rí ló kún abẹ́ rẹ̀, òun ló fi ń di igi àti ògiri mú. Ìkejì ni ẹyin. Ẹyin alángbá rọ̀, ṣùgbọ́n èèpo ẹyin ọmọńlé le, inú ihò àti abẹ́ èèpo igi ló sì máa ń yé e sí. Bí odò bá gbé irú igi bẹ́ẹ̀ dé òkun, tẹyin tọmọńlé ló ń bá a lọ.

Ẹ wo Kúbà. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Tarentola americana. Ìwádìí ọdún 2000 fi hàn pé Áfíríkà ni ẹbí rẹ̀ wà, àti pé ó ti kọjá òkun láti ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nígbà tí kò tíì sí èèyàn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi.

Òmíràn tún wà tí wọ́n sọ ní haitianus, bí ẹni pé ọmọ Haiti ni. Irọ́ ni! Lọ́dún 2007, àyẹ̀wò DNA fi hàn pé díẹ̀ báyìí ló fi yàtọ̀ sí ọmọńlé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, irú èyí tó wà lára ògiri ní Nàìjíríà. A jẹ́ pé kò tíì pẹ́ tó débẹ̀, ó sì jọ pé ọkọ̀ òkun ló gbé e. Ojú òkun yẹn kan náà ni wọ́n gbà kó àwọn ọmọ Yorùbá lẹ́rú lọ sí Kúbà.

ÀLEJÒ LÉ ONÍLÉ

Kì í ṣe ibi gbogbo ni wíwá rẹ̀ ti dáa. Hemidactylus mabouia, ọmọ Áfíríkà mìíràn tó ti kún Brazil, dé erékùṣù Curaçao, ó sì lé ọmọńlé ìbílẹ̀ ibẹ̀ kúrò lára ògiri. Ọmọ onílé wá di ará inú igbó!

Nílé tiwa ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló ń pa ọmọńlé nítorí wọ́n ní ó lóró. Kò sí ọmọńlé kankan tó lóró láyé. Ìgbẹ́ rẹ̀ ló lè kó kòkòrò àìsàn sí oúnjẹ. Nítorí náà, ẹ dé ọbẹ̀ yín dáadáa, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó máa bá yín jẹ ẹ̀fọn àti aáyán lọ.