Ibo Ni Omi Òrùlé Yín Ń Gbà Lọ?

Ilé tó fẹ̀ ní mítà 10, tó gùn ní mítà 12, kì í ṣe ilé ńlá ní ìlú Ararọ̀mí-Òwu. Síbẹ̀, bí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀ sórí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, nǹkan bíi lítà omi 6,000 ni páànù rẹ̀ yóò dà sílẹ̀. Ọgbọ̀n dúrọ́ọ̀mù olítà 200 nìyẹn, ẹsẹ̀ ògiri ni gbogbo rẹ̀ sì ń bọ́ sí.

Ẹni tó bá ń kọjá lára àwọn ilé alámọ̀ àtijọ́ lágbègbè Ìkirè àti Àpòmù yóò rí iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀. Ìpìlẹ̀ ti yọ síta, àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà sì ti jìnnà sílẹ̀ débi pé wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù kún un nísàlẹ̀. Àgbàrá ló gbé ilẹ̀ lọ. Ìgbálẹ̀ àràárọ̀ náà ràn án lọ́wọ́. Bí amọ̀ bá sì ti mumi yó, kò lè ru ẹrù mọ́. Ilé búlọ́ọ̀kù náà kò bọ́: omi á máa gun ògiri láti ìsàlẹ̀, ọ̀dà á máa bó.

Onílé tó bá lóun kò ní gbà fún àgbàrá, ilẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wò, kì í ṣe gọ́tà. Ní Ifẹ̀ àtijọ́, àpáàdì ni wọ́n ń tò ní òòró sí àgbàlá kí ilẹ̀ lè le. Ìtàn ní Ọọ̀ni Lúwo, obìnrin tó jọba níbẹ̀, ló pa á láṣẹ. Lóde òní, ilẹ̀ pupa tó wa. Ẹ dà á yí ilé ká, ẹ gún un kó le, kó sì dagẹ̀rẹ́ kúrò lára ògiri tó sẹ̀ǹtímítà 15 láàárín mítà 3 àkọ́kọ́.

Ìgbà náà ni gọ́tà kàn. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ sílẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan ní mítà kọ̀ọ̀kan. Ojú lásán kò lè mọ ìyẹn. Bíríkìlà á rọ omi sínú rọ́bà gígùn tí a lè rí inú rẹ̀. Ẹnì kan á di etí kan mú níbi tí gọ́tà ti bẹ̀rẹ̀, ẹnì kejì á di èkejì mú níbi tí yóò parí sí. Ibi tí omi bá dúró sí lọ́tùn-ún lósì, ọgbọọgba ni. Wọ́n á sàmì sí i, wọ́n á wá sọ̀ kalẹ̀ láti àmì ibi tí yóò parí sí: gọ́tà mítà 15, sẹ̀ǹtímítà 15. Bíríkìlà tó bá ní òun kò nílò rọ́bà, ẹ wá ẹlòmíràn. Gọ́tà tí omi dúró sí, láàárín bí ọjọ́ mẹ́wàá, ẹyin ẹ̀fọn inú rẹ̀ ti di ẹ̀fọn tó ń fò.

Ibi tí gọ́tà parí sí ló ń dá ìjà sílẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò kọ́. Bí kò bá sí ojú àgbàrá nítòsí, ẹ gbẹ́ ihò tó jìnnà sí ilé àti kànga, kí ẹ sì kó òkúta sínú rẹ̀. Omi tí kò rọ́nà lọ ń pààyàn: ní Ìbàdàn, lọ́jọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé pa èèyàn tó lé ní 100. Ilé tí wọ́n kọ́ sétí odò àti ìdọ̀tí tó dí ojú omi wà lára ohun tó fà á, bẹ́ẹ̀ ni odò Ògùnpa nílùú náà ti ṣe irú rẹ̀ rí lọ́dún 1980.

Kí ẹ tó ra sìmẹ́ńtì, ẹ jẹ́ kí òjò ńlá kan rọ̀. Bó bá ti dá, ẹ rìn yí ilé yín ká. Ibi tí omi bá ṣì dúró sí, ibẹ̀ ni kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.